Àpáta, Igbó àti Òkun: Bí Arìnrìn-Àjò Ṣe Lè Yan Ibi Tí Yóò Lọ láti Aké

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gun orí àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìkùukùu kò bo ojú ọ̀run yóò rí òrùlé páànù àdúgbò Aké lọ rẹrẹẹrẹ. Yóò rí ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́, yóò sì rí ibi tí odò Ògùn gbà kọjá. Ohun tí ojú rẹ̀ kò ní tó ni ibi tí odò náà ń lọ àti ibi tí àwọn onílùú ti wá. Odò náà ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Èkó tí ó so mọ́ òkun; àwọn onílùú sì wá láti inú igbó tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn. Àpáta, igbó àti òkun ni ó para pọ̀ sọ Abẹ́òkúta di ohun tí ó jẹ́.

Bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí lápapọ̀ náà nìyẹn. Òkè ńlá wà ní Ìdànrè, igbó kìjikìji ṣẹ́kù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti létí odò Ọ̀ṣun, òkun sì wà láti Àgbádárìgì lọ sí apá ìlà-oòrùn. Ọ̀pọ̀ ibi rere yìí gan-an ni ó sọ yíyàn di ìṣòro. Ẹni tí ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré kò lè dé gbogbo wọn, bí ó bá sì fẹ́ fi ipá dé gbogbo wọn, ojú ọ̀nà ni yóò ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn fi òkìkí yan ibi: ibi tí a ti rí àwòrán rẹ̀ jù ni à ń lọ. Kì í ṣe owó nìkan ni irú yíyàn bẹ́ẹ̀ ń gbé ṣòfò. Ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí sí Freetown lè gun Olúmọ fún wákàtí kan, kí ó ya àwòrán, kí ó sì padà sí ilé láìmọ̀ pé ihò tí òun gba ẹnu rẹ̀ kọjá ni ìran òun fi ṣe ilé nígbà tí wọn kò ní ilé mìíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí òkúta, ṣùgbọ́n kò rí Abẹ́òkúta. Ó sì lè jẹ́ pé kò ní tún ráyè wá mọ́.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣáájú yíyan ibi ìrìn-àjò: kí ni arìnrìn-àjò ń wá? Ta ni yóò gbà á ní àlejò? Ọ̀nà àti àsìkò wo ni ó lè bá a mu? Àwọn tí wọ́n ti yan Abẹ́òkúta rí ní 1830, ní nǹkan bí 1839 àti ní 1859 kò lè ṣàì dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni fún òmíràn nínú wọn. A ó kọ́kọ́ wo ohun tí ìtàn wọn fi kọ́ni, kí a tó fi í wọn àwọn ibi tí arìnrìn-àjò òde òní lè lọ.

1. Yíyàn ti 1830: ohun tí a ń wá

Ṣáájú ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá kò ní ìlú ńlá kan ṣoṣo. Ìlú kéékèèké ni wọ́n ń gbé káàkiri inú igbó Ẹ̀gbá, ní ìpín mẹ́ta: Ẹ̀gbá Aké tí Aláké jẹ́ olórí wọn, Òkè-Ọnà tí Òṣilẹ̀ jẹ́ olórí wọn, àti Gbágùrá tí Àgùrá jẹ́ olórí wọn. Igbó yìí ni Lísàbí ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, tí wọ́n fi bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fọ́ Òwu sì yíjú sí àwọn Ẹ̀gbá ní àárín ọdún 1820 sí 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan kò lè dá dúró. Bí wọ́n ṣe fọ́n káàkiri inú igbó, tí ó ti jẹ́ ààbò fún wọn tẹ́lẹ̀, wá di ohun tí ó mú kí ogun kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ogun gbé ní Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àlàáfíà kò sí níbẹ̀.

Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn kúrò ní Ìbàdàn lọ sí ìdí Olúmọ. Ìtàn sọ pé wọ́n bi Ifá léèrè kí wọ́n tó gbéra, àti pé àwọn ọdẹ díẹ̀ ti ń gbé inú ihò àpáta náà kí wọ́n tó dé. Bí a bá wo irú ibi tí wọ́n yàn, ohun tí wọ́n ń wá hàn kedere. Wọn kò wá ilẹ̀ tí ó lẹ́wà. Wọ́n wá ibi tí àwọn díẹ̀ ti lè dojú kọ ọ̀pọ̀. Àpáta ní ihò tí àwọn obìnrin àti ọmọdé lè sá sí, orí rẹ̀ sì ga tó kí olùṣọ́ rí ọ̀tá láti òkèèrè. Odò Ògùn wà nítòsí fún omi, Ìbàdàn sì jìnnà díẹ̀. Ní nǹkan bí 1834, àwọn Òwu pàápàá wá bá wọn níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí: ohun tí ènìyàn ń wá ni ó ń sọ bí ibi kan ti dára tó. Igbó tí ó dára fún oko kò dára mọ́ nígbà tí ó di ibi ìsádi ni a ń wá. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a yàn tí kò ní wàhálà tirẹ̀. Bí Abẹ́òkúta ṣe jìnnà sí Ìbàdàn ni ó súnmọ́ Dàhòmì, ogun Dàhòmì sì kọlù ú ní 1851 àti ní 1864. Odi tí wọ́n mọ yí ìlú ká àti àwọn tí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gba ìlú là. Àpáta nìkan kì bá tí lè ṣe é.

2. Yíyàn àwọn Sàró àti ti Delany: ẹni tí yóò gbani ní àlejò

Àwọn Sàró ni ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown. Òkè, igbó àti òkun pọ̀ ní Sàró pẹ̀lú, nítorí náà kì í ṣe ẹwà ilẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ padà. Láti nǹkan bí 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ bọ̀ wá sí etí òkun ilẹ̀ Yorùbá. Èkó àti Àgbádárìgì ni èbúté méjì tí wọ́n lè yàn.

Bí ó bá jẹ́ ti èbúté nìkan, Èkó ni ìbá wù wọ́n, nítorí pé odò Ògùn ń ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣàn wọ ọ̀sà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò ẹrú ṣì ń lọ ní Èkó nígbà náà, wọ́n sì kó àwọn kan tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lẹ́rù. Àgbádárìgì ni ó gbà wọ́n, láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí Ṣódẹkẹ́ ti fi ọ̀yàyà tẹ́wọ́ gba ọmọ tí ó sọnù. Ọ̀nà kan náà ni Thomas Birch Freeman gbà dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1842, tí Henry Townsend sì gbà dé ibẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1843. Nígbà tí Townsend àti Àjàyí Crowther tún dé Àgbádárìgì ní 1845, Ṣódẹkẹ́ ti kú. Wọ́n ní láti dúró ní etí òkun títí di 1846 kí wọ́n tó lè wọ Abẹ́òkúta. Ìlú kò kúrò níbi tí ó wà; onílé ni kò sí mọ́.

Àpẹẹrẹ kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní 1859, Martin Delany, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, àti Robert Campbell tí wọ́n bí sí Jàmáíkà, wá wá ibi tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà lè padà sí láti máa gbé. Nínú gbogbo ibi tí wọ́n rí, Abẹ́òkúta ni wọ́n yàn. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, 1859, wọ́n bá Aláké Òkúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí àwọn tí ń bọ̀ lè máa gbé lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ẹnikẹ́ni kò tí ì lò. Àdéhùn náà kò fìdí múlẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn míṣọ́nnárì kan takò ó, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ogun abẹ́lé sì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861. Campbell ní tirẹ̀ padà wá, ó sì fi Èkó ṣe ibùgbé. Ibi tí Delany àti Campbell yàn dára. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ wà. Ohun tí ó yẹ̀ ni ìfohùnṣọ̀kan àwọn tí wọ́n ní agbára lórí ilẹ̀ náà. Nítorí náà, ìbéèrè nípa onílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí a ó sùn nìkan. Ó kan ẹni tí ó ni ibẹ̀, àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí ó fẹ́ kí àlejò ṣe tàbí kí ó má ṣe.

3. Ọ̀nà àti àsìkò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan náà kì í wà bẹ́ẹ̀ títí. Ọ̀nà Àgbádárìgì ni ó ṣe pàtàkì títí di 1851 tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi kọlu Èkó. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà Èkó àti odò Ògùn gba ipò rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń kó èrò àti ẹrù lórí omi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, iyì odò pẹ̀lú dínkù. Ní 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ìlú tí arìnrìn-àjò ń fi ọjọ́ púpọ̀ dé láti etí òkun ti di ohun tí ènìyàn lè lọ kí ó sì bọ̀ ní ọjọ́ kan.

Àsìkò kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje, ó máa ń dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a sì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Láti oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ máa ń fẹ́. Òjò máa ń mú kí òkúta yọ̀, ó sì máa ń sọ ojú ọ̀nà inú igbó di ẹrẹ̀. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ máa ń mú kí ilẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń ta aṣọ bo ojú ọ̀run, tí ẹni tí ó gun òkè nítorí àtirí òkèèrè kò fi ní rí nǹkan. Nítorí náà, kò sí oṣù tí ó dára fún ibi gbogbo.

4. Fífi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn àwọn ibi òde òní

Àpáta: Olúmọ àti Ìdànrè. Ó rọrùn láti ka méjèèjì sí ohun kan náà, nítorí pé ìbò àti ààbò ni àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ rí nínú òkúta. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn yàtọ̀. Ní Olúmọ, ìlú gbòòrò yí àpáta ká, ó sì ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ lọ títí di òní; ní Ìdànrè, ìlú wà lórí òkè fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ó sì sọ̀ kalẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà lókè, àtẹ̀gùn tí ó sì lọ síbẹ̀ lé ní 600. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ìlú ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ó lọ sí Olúmọ. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ìlú máa ń fi sílẹ̀ nígbà tí ó bá ṣí ni kí ó lọ sí Ìdànrè. Wọ́n ṣe Olúmọ lọ́ṣọ̀ọ́ ní 2006, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojúbọ òrìṣà ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí àlejò tọrọ ààyè kí ó tó ya àwòrán. Ẹni tí orókún ń dùn, tàbí tí ó wá ní àkókò òjò, kò gbọdọ̀ fi Ìdànrè ṣe àkọ́kọ́.

Igbó: Ọ̀ṣun Òṣogbo àti Ọmọ. Igbó Ọ̀ṣun jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà 75, ó sì wọ inú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005. Òrìṣà ni ó dáàbò bo igbó yìí: nítorí pé ilẹ̀ Ọ̀ṣun ni, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gé igi tàbí dọdẹ níbẹ̀. Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tí ó kú ní 2009, bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ṣiṣẹ́ láti tún àwọn ojúbọ rẹ̀ kọ́. Òjò oṣù Kẹjọ kì í dí ọdún Ọ̀ṣun lọ́wọ́. Àkókò náà gan-an ni èrò máa ń pọ̀ jù. Ẹni tí ó ń wá ìjọsìn àti ìpéjọ ni kí ó lọ nígbà náà. Ẹni tí ó ń wá ìdákẹ́jẹ́ ni kí ó yan oṣù mìíràn.

Igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yàtọ̀. Ìjọba ni ó yà á sọ́tọ̀ ní 1925, ó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 130,000, UNESCO sì gbà á ní 1977 sí àwọn ibi tí a ń tọ́jú ẹ̀dá alààyè. Erin inú igbó ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agégi àti àwọn olóko kòkó ti wọ inú rẹ̀ jìnnà. Òfin ní ń ṣọ́ Ọmọ, ẹ̀rù òrìṣà ní ń ṣọ́ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá rí méjèèjì yóò lè fi ojú ara rẹ̀ wo èyí tí ó lágbára jù. Ibi tí ó yẹ kí arìnrìn-àjò gba àṣẹ kí ó sì mú amọ̀nà dání ni Ọmọ, ìgbà ẹ̀rùn ni ó sì bá a mu. Ẹni tí ó lọ síbẹ̀ nítorí pé ó dá a lójú pé yóò rí erin lè padà pẹ̀lú ìjákulẹ̀. Ẹni tí ó lọ nítorí àtirí bí igbó tí ó bí àwọn Ẹ̀gbá ti rí kí ogun àti àáké tó dé yóò rí ohun tí ó wá.

Òkun: Àgbádárìgì. Ẹni tí ó ń wá iyanrìn àti ìgbì nìkan lè rí wọn ní Èkó. Ohun tí Àgbádárìgì ní ni ọ̀nà: ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú la ọ̀sà kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù àti sínú ọkọ̀, àti ọ̀nà tí àwọn ọmọ ẹrú wọ̀nyẹn tún gbà padà. Ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845 wà níbẹ̀. Àwọn Ògù ni onílé, wọ́n sì ní èdè àti àṣà tiwọn. Àlejò tí ó bá ka ìlú wọn sí kìkì ibi ìrántí ẹrú ti ṣẹ̀ wọ́n.

5. Àtakò kan àti ìdáhùn rẹ̀

Ẹnìkan lè sọ pé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ ìgbádùn di iṣẹ́ ìwádìí, pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gun òkè nítorí afẹ́fẹ́ lásán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ pẹ̀lú jẹ́ ohun tí ènìyàn lè wá, ó sì ní ibi àti àsìkò rẹ̀. Ohun tí ìbéèrè náà kọ̀ ni kí ènìyàn má mọ ohun tí ó ń wá, kí ó sì wá dá ibi tí ó lọ lẹ́bi.

Bí arìnrìn-àjò bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó má kúrò ní Abẹ́òkúta: Olúmọ ní òwúrọ̀, ààfin Aláké àti ilé ìjọsìn Aké ní ọ̀sán, ọjà àdìrẹ Ìtokù ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó ti ka ìwé tí Ṣóyínká kọ ní 1981 nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké yóò tún fẹ́ mọ ọgbà àlùfáà. Bí ó bá ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ó fi Àgbádárìgì kún un, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ó lè bọ̀ sí ìdí àpáta gẹ́gẹ́ bí àwọn Sàró ti bọ̀. Bí ó bá ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ó fi igbó kan kún un, Ọ̀ṣun tàbí Ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àsìkò bá ti rí. Ìdànrè yẹ kí ó dúró de ìrìn-àjò mìíràn, nítorí pé ìtàn tirẹ̀ tó gba ọjọ́ tirẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé àwọn tí wọ́n yan Abẹ́òkúta ní 1830, àwọn Sàró tí wọ́n yan Àgbádárìgì dípò Èkó, àti Delany pẹ̀lú Campbell ní 1859, kò fi ẹwà ilẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ṣódẹkẹ́ mọ ohun tí ó ń wá, ó sì rí i. Àwọn Sàró wo ẹni tí yóò gbà wọ́n, wọ́n sì dé ilé. Delany rí ibi rere, ṣùgbọ́n ìfohùnṣọ̀kan tí ó gbójú lé kò dúró. Arìnrìn-àjò òde òní kò sá fún ogun, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó o lẹ́rú ní èbúté. Ìpàdánù tirẹ̀ kéré sí tiwọn: ọjọ́ díẹ̀, owó díẹ̀, àti ìran kan tí ì bá mọ̀ tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ó ti òkèèrè wá wo ilé baba rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré láyé, èyí tí ó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ohun kékeré.